Àrìnkẹ́ Ń Gbààwẹ̀

Bí opó bá ra ológbò ní Ìsọlọ̀, wọ́n á ní àjẹ́ ni. Bó bá ra ajá, lánlọ́ọ̀dù á ní gbígbó rẹ̀ ò jẹ́ kóun sùn. Bó bá ra adìyẹ, àwọn ará ilé á pa á jẹ, wọ́n á sì tún bá a wá a kiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó rò ó débi pé opó lè dìde kó lọ ra ejò, ìdí nìyẹn tí kò fi sí òfin kan tó dè é nínú ilé tí Ọmọ́wùmí ń gbé.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Ọmọ́wùmí. Ọmọ Èkìtì ni, sáyẹ́ǹsì ló sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Dúpẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ ní Kàlàbá. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè é lórí fóònù, wọ́n á kí ara wọn kú ìsinmi, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ilé tí yàrá ń kọjú sí yàrá ni ilé wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló là á já. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn tó kù ti gba ibi iṣẹ́ lọ, àwọn kan sí fáktìrì, àwọn kan sídìí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọ́n ń kí i o, kí á má purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n á ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà," wọ́n á sì yọ́ kọjá bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé. Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ àfi ẹni tó bá ṣìlẹ̀kùn.

Ohun tó tún wá burú ni pé ọmọ Èkìtì yìí kì í gúnyán mọ́. Odó rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aláǹtakùn ti sọ ọ́ di ilé. Dúpẹ́olúwa bi í léèrè rí, ìyá rẹ̀ ní ta ló ń gbé odó kalẹ̀ nítorí ẹnu kan ṣoṣo. Búrẹ́dì àti tíì ló ń jẹ lálaalẹ́, lórí ìdúró ló sì máa ń jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan ó lọ ra bàtà ní Okota, òjò sì lé e wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹran ọ̀sìn: ẹja inú gíláàsì, ẹyẹ oríṣiríṣi, ìjàpá. Ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà rí i, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Lará ni, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, tó ti lọ kàwé nípa ẹranko ní yunifásítì. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, Lará sì gbé erè kékeré kan jáde láti inú àpótí.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ejò ló lóró, mà," ó wí, ó sì gbé e lé tíṣà rẹ̀ lọ́wọ́.

Irú erè tí wọ́n ń pè ní mọ̀nàmọ́ná ni, ejò tí kì í tóbi púpọ̀, tí kò lóró, tí ìtìjú sì pọ̀ lára rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sábà bu èèyàn jẹ. Ńṣe ló máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká, á wá fi orí pamọ́ sáàárín. Ọmọ́wùmí dúró gbagidi. Ejò náà yọ ahọ́n, ó rọra wé mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó pẹ́ tí ohun ẹlẹ́mìí kankan ti di ọwọ́ obìnrin yìí mú. Omi lé sí i lójú, ojú sì tì í, ló bá yáa sọ fún Lará pé òun á mú un lọ sílé.

Lará kò jẹ́ kó lọ láìgba ẹ̀kọ́. Ayé yí, akẹ́kọ̀ọ́ dúró, tíṣà jókòó. Ó ní àpótí ejò náà gbọ́dọ̀ ní apá tó móoru àti apá tó tutù, abọ́ omi, àti ihò ṣókùnkùn kan tí yóò máa fara pamọ́ sí. Ó ní bó bá fẹ́ gbé e, kó má já a gbà láti òkè, àṣá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó má sì di orí rẹ̀ mú. Kó ti ẹ̀gbẹ́ fi ọwọ́ kan bọ abẹ́ rẹ̀, kó fi ọwọ́ kejì gbé ìyókù ara rẹ̀ ró. Oúnjẹ rẹ̀ ni èkúté funfun kan lọ́sẹ̀, èyí tí kò sanra ju ibi tí ejò náà ti nípọn jù lọ. Òkú èkúté ni, inú yìnyín ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Kó fi omi gbígbóná mú un yọ́, kó sì fi ẹ̀mú nà án sí i, kó má fi ọwọ́ lásán. Èyí tí Lará tẹnu mọ́ jù ni pé ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tuntun ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àti pé bó bá jẹun tán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e fún ọjọ́ méjì. Ọmọ́wùmí ń mi orí. Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí mọ irú orí mímì bẹ́ẹ̀: orí ló ń mì, etí ti lọ sílé.

Gàfárù ló fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e padà. Ará Ìsẹ́yìn ni Gàfárù, yàrá tó kọjú sí ti Ọmọ́wùmí lòun àti Wàsílátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ó béèrè ohun tó wà nínú àpótí tí màmá gbé lé ẹsẹ̀, màmá ní ejò ni. Gàfárù rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ò mọ̀ pé tíṣà mọ àwàdà. Nígbà tó wá yọjú wo inú àpótí náà lẹ́nu géètì, kò rántí pa ẹ́ńjìnnì kó tó bẹ́ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ló dá lọ fi orí sọ ògiri.

Ilé dà rú lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní kí wọ́n pe pásítọ̀, àwọn kan ní kí wọ́n pe lánlọ́ọ̀dù. Lánlọ́ọ̀dù ní tí ejò náà ò bá ti gbó, òun ò rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, Wàsílátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Memunat, lẹni àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun kàn fẹ́ rí i bóyá wọ́n de àpótí náà dáadáa ni. Ó rí i pé wọ́n dè é, ó jókòó. Ó wo fọ́tò ọkọ Ọmọ́wùmí lára ògiri, ó ní ọkùnrin náà mà rẹwà o. Kó tó dìde, ejò ti wà lórí itan rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, yàrá Ọmọ́wùmí ò gba èrò. Ẹ mọ bí a ti í ṣe nígbà tí ọmọ tuntun bá dé ilé. Ẹni tó bá wọlé á nawọ́, á ní kí wọ́n gbé ọmọ fóun kóun náà gbé e wò, ìyá ọmọ kì í sì í lè kọ̀, nítorí ta ni yóò kọ ìfẹ́? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe fún ejò yìí. Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wàsílátù sọ ọ́ lórúkọ, ó ní Àrìnkẹ́. Wọ́n ń sọ pé ó jọ tíṣà nípa bó ṣe ń wo èèyàn láìsọ̀rọ̀. Ọmọ́wùmí ń rẹ́rìn-ín, ó ń da tíì fún àlejò, ó sì ní láti lọ ra ife sí i. Nígbà tí Dúpẹ́olúwa pè lọ́jọ́ Àìkú, ariwo ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn.

Inú fìrísà Wàsílátù, níbi tó ti ń ṣe yìnyín tà, ni wọ́n kó àwọn èkúté náà pamọ́ sí, nínú náílọ́ọ̀nù dúdú. Nígbà tí ọjọ́ oúnjẹ pé, Ọmọ́wùmí ṣe bí Lará ṣe wí. Ó yọ́ èkúté, ó fi ẹ̀mú nà án sí Àrìnkẹ́. Àrìnkẹ́ wò ó, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ta mọ́ ọn. Ó wé e, ó yí orí rẹ̀ wá síwájú, ó sì gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Inú Ọmọ́wùmí dùn bí ìgbà tí Dúpẹ́olúwa hu eyín àkọ́kọ́. Ta lèèyàn á sọ irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ fún bí kò bá sọ ọ́ fáwọn ará ilé? Ó gbé Àrìnkẹ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n hó yèè, wọ́n ní wọ́n kú oríire, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e káàkiri. Ọwọ́ Gàfárù ló kàn nígbà tí Àrìnkẹ́ la ẹnu tó fẹ́ bì. Gàfárù, tó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ejò kan wà láyé tó ń pọ owó, tẹ́wọ́ méjèèjì. Èkúté ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò pẹ́. Àrìnkẹ́ ò jẹun mọ́. Ọjọ́ oúnjẹ tún pé, Ọmọ́wùmí na oúnjẹ sí i, ó yíjú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún yíjú, ó ká ara rẹ̀ jọ, ó fi orí pamọ́. Wàsílátù ní bóyá iyọ̀ ni kò sí níbẹ̀. Ó ní níbi tí wọ́n ti bí òun, kò sẹ́ni tó ń jẹ eku láìyan án, kí wọ́n jẹ́ kóun fi ata díẹ̀ àti àlùbọ́sà bá wọn tún un ṣe. Ọmọ́wùmí ṣàlàyé fún un pé ejò kì í jẹ ata. Wàsílátù ní ṣé wọ́n ti fún un rí ni?

Ni Ọmọ́wùmí bá ránṣẹ́ pe Lará. Lará dé, ó gbé Àrìnkẹ́ yẹ̀ wò, ó rí i pé ó ti fúyẹ́. Bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, èèyàn mẹ́rin kan ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ló sì fẹ́ gbé e. Lará kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

"Mà, ẹ má bínú sí mi," ó wí nígbà tí wọ́n ti lọ. "Kò ṣàìsàn. Wọn ò jẹ́ kó sinmi ni. Ẹ tilẹ̀kùn yín, ẹ fi aṣọ bo àpótí rẹ̀, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn án títí táá fi jẹun. Bí oṣù bá parí tí kò tíì jẹ, mo máa ní láti mú un padà sí ṣọ́ọ̀bù, torí ẹ̀mí ni."

Ọmọ́wùmí sìn ín dé géètì, ó padà wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ó mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ó sì mọ ohun tí yóò gbà á. Ejò ló la ilẹ̀kùn yìí. Bó bá tì í, àwọn èèyàn náà á padà sí "Ẹ kú àárọ̀, mà," wọ́n á sì kọjá. Bí kò bá tì í, Àrìnkẹ́ á lọ, àwọn èèyàn á sì tún lọ náà.

Kí á sọ òtítọ́, ó kọ́kọ́ ṣe ojo. Lọ́jọ́ kejì, Wàsílátù dé tòun ti àkàrà gbígbóná, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun kí ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan péré. Ọmọ́wùmí wo àkàrà, ó wo ojú obìnrin náà tó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti kọ̀. Ó ṣí àpótí. Bí ọwọ́ ṣe kan Àrìnkẹ́, ó di òṣùká, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀. Wàsílátù ò rí i. Ọmọ́wùmí rí i. Àánú ẹranko náà ṣe é, inú sì bí i sí ara rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, òun tó sì jẹ́ àgbà ló ń gbé ọmọ náà kiri ọjà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró bó ṣe máa ń dúró níwájú kíláàsì, gbogbo wọn sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó tò sílẹ̀ nípa ejò àti ìsinmi pòórá lórí rẹ̀. Ohun tó bọ́ sí i lẹ́nu ni pé Àrìnkẹ́ ń gbààwẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́ títí táá fi ṣínu.

Kò sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí ì bá yé wọn tó bẹ́ẹ̀. Gàfárù nìkan ló fẹ́ jiyàn. Ó ní àwọn àgbà ti wí pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà, kí ló dé tí wọ́n wá fẹ́ fi èyí sílẹ̀ lóun nìkan? Ọmọ́wùmí dá a lóhùn pé èyí tó wà nínú yàrá òun ò tíì gbọ́ òwe yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, oníkálukú sì wọlé lọ. Ọmọ́wùmí náà wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e gùn. Àwọn ife tuntun dojú dé lórí tábìlì. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lọ́dẹ̀dẹ̀, ó sì dá ti Wàsílátù mọ̀ nítorí sálúbàtà rẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà á dé iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, á dúró díẹ̀, á sì kọjá. Ọmọ́wùmí sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ejò ni wọ́n ń bẹ̀ wò, kì í ṣe òun. Mímọ̀ náà ò sì dín ìrora rẹ̀ kù. Ó bu búrẹ́dì lórí ìdúró, kò lè jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ọjọ́ tí Lará dá fún un pé, ó lọ gba èkúté kan nínú fìrísà Wàsílátù. Wàsílátù gbé e fún un ní ọwọ́ méjèèjì. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí omi gbígbóná yọ́ èkúté náà tán. Bó ṣe fẹ́ ká aṣọ kúrò lórí àpótí, ó gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ bẹ́ǹṣì nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ariwo ni kò fẹ́. Ó yára lọ ṣílẹ̀kùn láti lé ẹni yòówù kó jẹ́.

Gbogbo ilé ló wà níbẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àti sórí ilẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwo dàbínù kan wà láàárín wọn, kẹ́tùlù àkàmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gàfárù na ìka sí ètè láti fi hàn pé àwọn ò ní í pariwo. Wàsílátù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́:

"Ẹ má bínú, mà. A ní ẹni tó gbààwẹ̀ kì í dá ṣínu ni."

Ọmọ́wùmí mi orí, lọ́tẹ̀ yìí etí rẹ̀ ò lọ sílé. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó ká aṣọ, ó fi ẹ̀mú na èkúté náà sí ẹnu ihò ṣókùnkùn tí Àrìnkẹ́ wà. Ọwọ́ rẹ̀ ń ro ó, kò mira. Ẹnì kan wúkọ́ lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Orí kékeré kan yọ jáde, ahọ́n yọ, ó wọlé, ó tún yọ. Àrìnkẹ́ ta mọ́ ọn. Ọmọ́wùmí jókòó sílẹ̀, ó ń wò títí ìrù èkúté náà fi wọlé tán. Ó da aṣọ bo àpótí padà, ó nu ojú ara rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó sì jáde.

"Ó ti ṣínu," ó wí.

Kò sẹ́ni tó hó. Wọ́n na ọwọ́ sókè ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń mi gbogbo ara bí ẹni tó ń jó láìsí ìlù, Gàfárù sì dì mọ́ ògiri nítorí ẹ̀rín tó fẹ́ pa á. Ọmọ́wùmí jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán. Ó wá sọ ohun tó yẹ kó sọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, pé kò sẹ́ni tí yóò gbé e lónìí, kò sẹ́ni tí yóò gbé e lọ́la àti lọ́tùnla, àti pé bó bá tilẹ̀ ń jẹun dáadáa, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò máa gbé e. Ó sọ ọ́ tán, ó dúró kí wọ́n dìde kí wọ́n máa lọ.

Wàsílátù sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣẹ́ kù.

"Ejò ti jẹun, mà. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ jẹ?"

Ọmọ́wùmí jókòó. Ó ní búrẹ́dì ni. Wàsílátù bi í léèrè ohun tó jẹ lánàá, ó ní búrẹ́dì. Gàfárù ní ọmọ Èkìtì wo ló ń jẹ búrẹ́dì bí ẹni tó wà lọ́sibítù, gbogbo wọn sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu àkàmù fún un, ó sì mu ún tán.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé odó jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó lé aláǹtakùn, ó sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e lọ sí ìpẹ̀kun àgbàlá kí gìrìgìrì rẹ̀ má bàa jí Àrìnkẹ́. Gàfárù ló bá a di ọmọ odó mú, Wàsílátù ló se ọbẹ̀. Iṣu tí Ọmọ́wùmí bó lọ́jọ́ náà kún agbada, kò sì sí èyí tó ṣẹ́ kù nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́.